Má Kí Ẹnikẹ́ni Lẹ́bàá Ẹ̀rọ Yìí

Àtíní, 19 oṣù karùn-ún

Ẹ̀rọ tí n ó máa fi ṣí páìpù tó bá dí dé lónìí. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kemta, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Èmi àti Péjú ìyàwó mi la jọ gbé e wọlé. Ó wúwo ju àgbò lọ. Okùn irin tó ká sínú àgbá rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò mi, ó sì gùn dé ibi tí n kò fẹ́ ronú kàn.

Ọkùnrin tó tà á fún mi l'Ékòó sọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi. Ìbọ̀wọ́ awọ ni kí n máa lò, kì í ṣe ti aṣọ, nítorí okùn yẹn máa ń jẹ aṣọ, á sì jẹ ọwọ́ tẹ̀ lé e. Kí n má wọ ẹ̀wù alápá gbàgẹ̀rẹ̀. Kí pẹ́dàlì, ohun tí à ń tẹ̀ kí okùn tó yí, má kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ tún okùn ṣe, kí n kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ páìpù kí òun tó mọ bí a ṣe ń fọn ikun imú.

Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ pẹ́dàlì. Okùn náà fò jáde, ó nà mí lójúgun, ó sì fọ́ garawa Péjú sí wẹ́wẹ́. Inú bí mi, mo ta ẹ̀rọ náà nípàá. Irin kò mọ̀ pé wọ́n ta òun nípàá, ẹsẹ̀ tèmi ló wú. Péjú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àlàmísì, 22

Òkè-Ìlewọ̀, ilé ọ́fíìsì kan. Okùn wọlé, ó bú ramúramù, ó wọ́ aṣọ ìnulẹ̀ tó ti jẹrà jáde, omi sì lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Tòmátì ti kọjá ohun tí ènìyàn ń fojú sùn, tàtàṣé nìkan ni Péjú fi se ọbẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Sátidé, 24

Ìtòkú. Bí ogun bá wà níbì kan l'Ábẹ́òkúta, agbo ilé Alhaja Bàrákátù ló wà.

Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo omi gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ àbẹ́là kúrò lára aṣọ, gbogbo ẹ̀kọ láfún, gbogbo ìdọ̀tí aró, inú páìpù kan ṣoṣo ló ń gbà, láàárín àpáta, lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀. Àbẹ́là náà á dì sínú páìpù bí ọ̀rá inú ìkòkò àná. Omi wá ń padà wọ yàrá. Àwọn ará ìsàlẹ̀ náà ní aró ń wọ kànga àwọn, wọ́n fi òkúta dí ẹnu páìpù lọ́hùn-ún. Ni Yasir, àkọ́bí Alhaja, bá gbé ọmọ odó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Orí ẹnì kan là. Àwọn náà fi ìgò gún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lápá. Bí wọ́n ṣe ń gbé níyẹn.

Péjú kúnlẹ̀ kí Alhaja, orúnkún méjèèjì, kò sì dìde títí wọ́n fi ní kó dìde.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé," Alhaja wí. "Àwọn tòde òní kàn ń tẹ̀ kọ́ọ́ bí ẹni tí bọ́tìnnì já bọ́ lára rẹ̀. Sàlàhúdíìnì, o mọ ìyàwó fẹ́. Gbọ́ o, bí omi yìí bá tún kan ibùsùn mi, àwa àti àwọn ará ìsàlẹ̀ á para wa ni. Ṣí i fún mi."

Mo ki okùn bọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Oyíndà, aláró wọn àgbà, ti da kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń po aró sínú páìpù náà láàárọ̀. Okùn gbé e jáde bó ṣe ń yí, ó fọ́n ọn sí mi láyà àti lọ́rùn. Iná ni! Igbe tí mo ké mú kí àwọn ọlọ́kadà dúró lójú títì. Péjú fa ẹ̀wù mi ya, ó ń da omi lé mi lórí, garawa lórí garawa. Bí mo ṣe ríran díẹ̀ báyìí ni mo di Oyíndà mú láṣọ, mo fẹ́ gbé e jù sínú ìkòkò aró rẹ̀, Péjú ló so mọ́ mi níbàdí.

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni o!" Oyíndà ń ké. "Ṣé ìrànlọ́wọ́ ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Àtàláátà, 27

Àyà mi ń bó, páìpù Alhaja kò sì tíì ṣí. Péjú ní kí n máa béèrè ohun tí wọ́n ti dà sínú ihò kí n tó ki okùn bọ̀ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Òjò.

Jímọ̀, 6 oṣù kẹfà

Iléyá. Láti yídì mo gba Ìtòkú kọjá láti kí Alhaja. Ẹnu páìpù gan-an ni wọ́n ti ń dúńbú. Àgbò ń tàpá, ọ̀bẹ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo àgbàlá. Wọ́n fi omi ti ẹ̀jẹ̀, irun, ìgbẹ́ àti ọ̀rá sínú páìpù. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró lókè, kò lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á síbẹ̀!"

Yasir gbójú sókè, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgúnpá. "Kí la wá gbà ọ́ fún?"

Ó fún mi ní itan kan mú lọ sílé. Bí mo ṣe bínú tó náà, mo gbà á.

Àlàrùba, 11

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí.

Jímọ̀, 13

Wọ́n gé ìka méjì. Èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Àtíní, 16

Jẹ́ kí n kọ ọ́, bóyá á fi mí sílẹ̀.

Àtíní tó kọjá ni, ní Ìtòkú, ẹran Iléyá kò tíì tán lórí ààrò. Okùn ti wọlé dé ìdajì, ó há sínú ọ̀rá àti irun àgbò. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ẹ̀rọ dákẹ́. Okùn ti wọ́, ó ti lọ́ mọ́ra lẹ́nu ihò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, mo ń tú u. Pẹ́dàlì wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Péjú ń bọ̀ pẹ̀lú omi. Alhaja Bàrákátù jáde láti yàrá rẹ̀ wá wò wá.

Mo gbọ́ ohùn Péjú: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọdún mà." Ó kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn. Orúnkún kan balẹ̀ sórí pẹ́dàlì.

Okùn gbé ọwọ́ mi, ó fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Mo gbọ́ egungun mi. Mo ké, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, ariwo rẹ̀ bo tèmi. Alhaja sì ń ṣàdúrà fún Péjú. Wọn kì í dìde nílẹ̀ nígbà tí àgbà bá ń ṣàdúrà. "O ó jèrè ọmọ. Ilé rẹ kò ní í dàrú." Péjú ń ṣe àmín. Àmín! Àmín! Orúnkún rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì, ojú mi sì wà lára ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ mi ń lọ.

Oyíndà ló rí mi. Obìnrin tí mo fẹ́ jù sínú aró ló sáré fa wáyà yọ lára jẹnẹrétọ̀.

Ìbọ̀wọ́ awọ ni kò jẹ́ kí ó gbé gbogbo ọwọ́ lọ. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá dúpẹ́ ni? Alhaja kò tíì wá kí mi láti ọjọ́ náà. Mo kórìíra àdúrà rẹ̀. Mo kórìíra orúnkún Péjú. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé báyìí.

Àlàmísì, 19

Péjú gbé ẹ̀kọ wá, ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e fún mi. Mo rí orúnkún yẹn, ojú mi ṣú. Mo gbá abọ́ náà, ó fọ́ mọ́ ògiri, ẹ̀kọ gbígbóná ta sí i lára.

"Kúnlẹ̀ sí i!" mo pariwo. "Kúnlẹ̀! Ó ku ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi!"

Kò sunkún. Ó nu ẹ̀kọ kúrò lápá. Ó ní, "Orúnkún mi ni. N kò sá fún un, títí n ó fi kú n kò ní í sá fún un. Ṣùgbọ́n bàbá mi, ta ló fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lára iná?"

Mo gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ nínú ojú mi. Ọwọ́ náà kò mọ ibi tí yóò lọ, mo fi lu ògiri. Mo tún lù ú. Ó ti wú báyìí, ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé yìí fi rí wúruwùru.

Èmi ni mo fi í sílẹ̀ lára iná.

Àìkú, 22

Òjò alẹ́ àná ti wọ yàrá Alhaja. Yasir wá lónìí, kò jókòó. Ó ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ti kó jàǹdùkú wá, ọ̀kan fi àdá han ìyá òun ní gbangba. Ó ní bí n kò bá lè parí iṣẹ́, kí n sọ, kí àwọn wá ẹlòmíì wá l'Ékòó.

Kò bi mí léèrè ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe é bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú.

Péjú dá a lóhùn láti inú yàrá: "À ń bọ̀."

Nígbà tí Yasir lọ tán, mo ní ta ló ń bọ̀? Ó jáde sí mi, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ awọ náà, ti ọwọ́ ọ̀tún ní ojú rírán níbi tó ti ya. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí.

Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní ọwọ́ mélòó ló kù nínú ilé tó lè di okùn mú? Mo ní kí a ta ẹ̀rọ. Ó ní ta ni yóò ra ẹ̀rọ tó jẹ ìka olówó rẹ̀? Ẹ̀rù bà mí.

Sátidé, 28

Mo ń kọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Ṣòkòtò ni ó wọ̀, kò sí ìró, kò sí ìborùn, irun rẹ̀ wà nínú fìlà. Pẹ́dàlì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun nìkan. Bí okùn bá há, ẹsẹ̀ á kúrò, ẹ̀rọ á padà sẹ́yìn díẹ̀, kò ní í fi ipá tì í. Bí okùn bá wọ́, mo yọ ọ́ lára iná, mo gbé ẹnu wáyà sókè kó rí i, kó tó fọwọ́ kàn án. Okùn náà nà án lẹ́ẹ̀kan nítan. Ó bú u ní èébú tí n kò mọ̀ pé ó mọ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Orúnkún rẹ̀ ló ń gbọ́ kíkí, kì í ṣe etí rẹ̀. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilé, mo fi ohùn àgbà obìnrin ké pè é, "Péjú, kú iṣẹ́ o!" Orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Mo ju òkúta mọ́ páànù, gbàù! Mo tún pè é. Ó tún tẹ̀. Mo bú u, mo bú àwọn tó bí i, mo ní, "Bí ìyá mi bá jí nínú sàréè tó gba ibí kọjá, o kò gbọdọ̀ kí i! Má kí ẹnikẹ́ni lẹ́bàá ẹ̀rọ yìí!" Títí oòrùn fi rọ̀ la ń ṣe é.

Níkẹyìn, Ìyá Aishat aládùúgbò wa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, òun gan-an, kì í ṣe èmi. Ó kí wa. Péjú kò gbójú sókè. Obìnrin náà pòṣé, ó ní, "Ẹ̀rọ ti sọ wọ́n di òyìnbó."

Péjú wọlé lọ sunkún. Ó ní òun ti di ọmọ tí wọn kò kọ́. Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ sọ pé kó má sunkún, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ẹ̀rù ọwọ́ rẹ̀ ń bà mí ju bí ọwọ́ tèmi ṣe dùn mí lọ. Òótọ́ ni.

Àlàrùba, 2 oṣù keje

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

Láàárọ̀, mo bi Oyíndà léèrè ohun tí wọ́n ti dà sínú páìpù. Ó fi Kùránì búra pé omi lásán ni. Mo sọ fún Yasir lójú gbogbo àwọn aláró: "Bí ẹ̀rọ bá ti ń ké, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ wa, kí ẹnikẹ́ni má kí wa. Bí mo bá ti yọ ọ́ lára iná, a ó kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó ní òun ti gbọ́. Mo mọ irú gbígbọ́ yẹn.

Ìpín iṣẹ́ wa rèé. Péjú wà lẹ́nu páìpù, okùn lọ́wọ́, pẹ́dàlì lábẹ́ ẹsẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ògiri àti òpó, níbi tí ọ̀nà ti fún jù. Iṣẹ́ tèmi ni kí nǹkan kan má kọjá. Wáyà iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Okùn wọlé, ó bá ọ̀rá, ó jẹ ẹ́ kọjá. Omi dúdú ń ru sókè. Ó bá àbẹ́là, ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n mú lọ́rùn. Okùn ń gbọ̀n lọ́wọ́ Péjú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni Alhaja Bàrákátù wọlé láti ìta. Wọn kò tíì sọ fún un. Ìborùn rẹ̀ gùn dé orúnkún. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Péjú kò dáhùn. Mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́!" Alhaja ń bọ̀, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ wo páìpù rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ dúró níbẹ̀, mà." N kò dọ̀bálẹ̀, n kò tẹríba. Kò gbọ́ ohun tí mo sọ, àbí ó gbọ́, kò gbà. Ìborùn rẹ̀ ti ń fẹ́ lọ sápá ibi tí okùn ti ń yí. Mo na apá, mo tì í sẹ́yìn láyà. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ẹnì kan ní, "Ó lu Alhaja!"

Yasir dé ọ̀dọ̀ mi kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Ìgbájú àkọ́kọ́ di mí létí. Ìkejì ba imú. Èmi Sàlàhúdíìnì, tí gbogbo Kemta mọ̀ pé wọn kì í nà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọwọ́ òsì mi ti di ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn mi, ó ń ké. Bí mo bá lu ọkùnrin yìí, a ó di ara wa mú. Bí a bá di ara wa mú, a ó ṣubú. Kò sí ibi tí a lè ṣubú sí bí kò ṣe orí Péjú. Mo tú ẹ̀ṣẹ́ náà, mo fi ọwọ́ yẹn di òpó mú.

Ó gbá mi ní ikùn. Ó gbá mi lẹ́nu, eyín kan mì. "Ìyá mi lo tì? Ìyá mi?" Ó rí báńdéèjì, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọwọ́ ọ̀tún mi, ibẹ̀ gan-an. Mo rí ìràwọ̀ lójúmọmọ. Mo tọ̀ sára, n kò tijú láti kọ ọ́. N kò jẹ́ kí òpó náà lọ. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu, n kò mọ ẹni tí mo ń sọ fún: "Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀."

Oyíndà ló fò mọ́ Yasir lẹ́yìn, ó bù ú jẹ léjìká.

Nǹkan bú gbàmù nínú ilẹ̀, bí ẹni pé òkúta ìsàlẹ̀ ti fò kúrò. Omi inú àgbàlá yí po, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, aró, ọ̀rá, irun, ẹ̀jẹ̀ Iléyá, gbogbo rẹ̀ ń sáré wọ ihò. Ẹ̀rọ dákẹ́. Péjú kò yíjú padà. Ó ní, "Ó ti ṣí. Yọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa wáyà yọ, mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè kí ó rí i. Ó rí i. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ síwájú Alhaja Bàrákátù, tó ṣì jókòó nínú ẹrẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà, ikùn, gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ imú mi ń kán. Péjú wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo wí. "Ẹ má bínú, ọwọ́ wa kò dilẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé."

Ìborùn rẹ̀ ni Alhaja dì mú, ó ń wo ibi tí etí aṣọ náà ti ya, ibi tí okùn ti tọ́ ọ wò. Péjú ti fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, nítòsí ojú mi, wọ́n dúdú fún ọ̀rá. Mo ka ìka wọn látorí èyí tó kéré jù. Mo tún un kà kí n tó dìde.